Ẹ Dá Ọjọ́ Fún Un: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìfònídónìí-Fọ̀ladọ́la

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpín èrè, àmọ́ ó kan méjèèjì. Ọ̀rọ̀ "ó di ọ̀la" ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. "Tó bá yá, n ó ṣe é." "Ẹ jẹ́ kí ọjà yìí kọjá ná." Bí a ṣe ń wí i lọ́jà náà là ń wí i lóko, bẹ́ẹ̀ náà là ń wí i nípàdé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ wo àwọn ìyá wa tó ń jí ní ìdájí láti lọ ra ẹja ní Igbókòdá, tí wọ́n á tún padà wá pàtẹ ní Òkìtìpupa. Ta ló tó pe irú wọn ní ọ̀lẹ? Síbẹ̀, ẹ máa rí ẹnìkan nínú wọn tó ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta pé òun fẹ́ lọ ṣe ìwé ilẹ̀ òun, tí kò tíì lọ. Iṣẹ́ kọ́ ló ń sá fún. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa ní kó san ló ń bà á, tàbí ojú ń tì í pé òun kò mọ ìwé kà, tàbí ọ̀rọ̀ náà tóbi lójú rẹ̀ débi pé kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti rántí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á dàrú, á sì yára wá nǹkan mìíràn ṣe. Ara á tù ú lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀ràn náà kò kúrò níbẹ̀ o.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ìdúró ló burú. Ẹni tí wọ́n bí sílẹ̀ Ìkálẹ̀ kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Bí a bá fẹ́ ṣe púpurú, a máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó lè rọ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìyàwó ilé yẹn ń fi nǹkan falẹ̀. Bọ́jọ́ bá pé, á kó o jáde, á fún omi rẹ̀, á mọ ọ́n rogodo, á sì gbé e sókè iná kó gbẹ. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí a hú tí a fi sílẹ̀ lásán, kí ó tó di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ. Bí a bá gé ìdì ẹyìn, a lè kó o jọ, ká fi ewé bò ó, kí ẹyìn lè tú lára ìdì. Ìyẹn náà ní ìwọ̀n. Bí ẹyìn bá ti fara gbọgbẹ́, ohun kan wà nínú ara rẹ̀ tó máa ń sọ epo di ásíìdì, bó bá sì ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni ásíìdì náà ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ńláńlá fi ń sáré gbé ẹyìn dénú ooru láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí wọ́n gé e. Láyé ìgbà tí Marketing Board ń ra epo, epo tí ásíìdì rẹ̀ kéré ni wọ́n ń pè ní special grade, owó rẹ̀ ló sì ga jù. Ọ̀pẹ lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí òjò tó rọ̀ sí i jẹ́ ọ̀kan náà, kí iye ọjọ́ tí ẹyìn fi wà nílẹ̀ sọ owó epo di méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èrò mi rèé: ìdúró tó ní ọjọ́, sùúrù ni. Ìdúró tí kò ní ọjọ́, ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la ni. Ẹ fi èyí wo ara yín. Bí ẹ bá sọ pé, "Mò ń dúró ná," ẹ bi ara yín léèrè pé, "Di ọjọ́ wo?" Bí ẹ kò bá rí èsì, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sínú ẹgbẹ́ wàyí. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦120,000, tó sì gbà láti máa san ₦10,000 lóṣooṣù, láìka èlé mọ́ ọn. Ó san án dáadáa títí di oṣù kan tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, tí owó kò sì pé. Ojú tì í, kò wá sípàdé. Lóṣù kejì, ₦20,000 ló yẹ kó mú wá. Ìtìjú ti di méjì, kò tún wá. Lóṣù kẹta, ó ti di ₦30,000, ó sì ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà kí akápò má bàa rí i. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ń fajú ro. Ẹlòmíràn tó fẹ́ yáwó láti fi ra ẹyìn lásìkò, kò sí owó nílẹ̀ fún un. Ẹ wò ó dáadáa, ₦10,000 àkọ́kọ́ kọ́ ló ba nǹkan jẹ́, ìpàdé tí kò wá ni. Àwọn àgbà ti wí i pé àìtètèmólè, olè ń mólóko.

Níbí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tó lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ẹgbẹ́ pọ̀ tó jẹ́ pé wọ́n máa ń ka orúkọ onígbèsè síta nínú ìpàdé. Wọ́n ní bí a kò bá dójú tì í, kò ní í san. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí aláìnítìjú wà láyé. Ṣùgbọ́n aláìnítìjú kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó gbọ̀n. Ẹni tó ń gbọ̀n ni ẹni tó fẹ́ san, ìtìjú yẹn gan-an ló sì ń lé e jìnnà sí wa. Ṣé bí a bá tún fi ìtìjú kún ìtìjú, ló máa wá padà wálé?

Ohun tí mo rò pé ó dára ni pé kí ẹni tí kò bá rí owó san wá sípàdé lọ́wọ́ òfo. Kó wá! Lẹ́yìn ìpàdé, kí òun àti onígbọ̀wọ́ rẹ̀ jókòó pẹ̀lú akápò àti akọ̀wé. Kó sọ ohun méjì: iye tó lè mú wá báyìí, ì báà jẹ́ ₦1,000, àti ọjọ́ tó máa mú ìyókù wá. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá dá, kó jẹ́ ọjọ́ o. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà NIN. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé ká so nọ́ńbà fóònù wa mọ́ NIN, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún wa. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un, títí ó fi di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2022. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, wọ́n dí ọ̀nà ìpè jáde mọ́ nọ́ńbà tó ju mílíọ̀nù 70 lọ. Oníṣòwò kò lè pe oníbàárà. Lóòótọ́, àwọn kan ti tò sórí ìlà títí kó tó di ìgbà náà, wọn kò rí i ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló jókòó, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un la máa ń sọ pé, "Wọ́n á tún sún un." Ọjọ́ tó bá ń rìn kiri, kò sẹ́ni tó máa bọ̀wọ̀ fún un. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ìgbìmọ̀ máa sún ọjọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n pe onígbọ̀wọ́.

Kí òfin yìí má sì mọ sọ́dọ̀ onígbèsè nìkan. Ó kan àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ìwé owó ìpàdé, alẹ́ ọjọ́ ìpàdé ni ọjọ́ rẹ̀. Bí ìwé bá falẹ̀, àyẹ̀wò ìwé á falẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá falẹ̀, ìpín èrè á falẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wá pé, "Ọjọ́ wo?"

Báwo la ṣe ń dá ọjọ́ tó máa múlẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Gollwitzer, ọmọ Jámánì, kọ ọ́ ní 1999 pé ẹni tó bá ti pinnu ìgbà àti ibi tí òun máa ti ṣe nǹkan, máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn sọ pé òun fẹ́ ṣe é lọ. Nítorí náà, ẹ má sọ pé, "N ó lọ sí báǹkì." Ẹ sọ pé, "Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí mo bá ti ta agbada àkọ́kọ́ tán, kí n tó ra ọbẹ̀, n ó lọ." Bí iṣẹ́ bá tóbi, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Àwọn èèyàn 28 tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1844, tálákà ni ọ̀pọ̀ wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá owó jọ títí ó fi pé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni wọ́n fi ṣí ìsọ̀ wọn. Ká ní wọ́n dúró dìgbà tí owó bá pọ̀, bóyá ìsọ̀ yẹn kò ní í ṣí láéláé.

Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ gbọ́ òpin òwe yẹn: ọrọọrún ni. Àní ẹni tó ń wádìí ọ̀la pàápàá, ó dá ọjọ́ fún un.

Nípàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ohun kan tó ti ń sún síwájú wá, kó sì sọ ọjọ́ tó máa ṣe é fún ẹni tó bá jókòó tì í. Kí ẹni yẹn bi í lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ wa á máa gòkè o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́