Ẹ̀rín Tí A Gbójú Fò

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú kíláàsì tí a ń kọ́, wọ́n fi ọmọkùnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kọjú sí pátákó, a ń bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ náà kò béèrè ìbéèrè kankan mọ́ títí ọdún fi parí. Àwọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín ti wọ yunifásítì báyìí. A kò mọ̀ bóyá wọ́n gbé ẹ̀rín náà lọ síbẹ̀.

Àwọn kan wà tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn; àwọn mìíràn wà tí ohun tí wọ́n mọ ara wọn sí kò bá ara tí a bí mọ́ wọn mu. Àwọn ni a ń pè ní LGBT. Kò sí yunifásítì tí wọn kò sí.

Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì Columbia fọwọ́ sí ẹgbẹ́ irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1967. Ní 1971, yunifásítì Michigan yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí lẹ àmì mọ́ ilẹ̀kùn wọn: ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé a kò ní fi òun ṣẹ̀sín níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe LGBT. Alátìlẹ́yìn ni wọ́n, àwọn tí Faransé ń pè ní “alliés”.

Nílé wa, òfin Tógò ṣì ń fìyà jẹ ọkùnrin tí ó bá bá ọkùnrin lò pọ̀, àti obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Nítorí náà, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ alátìlẹ́yìn ti ń bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹnu ni. Ẹ má tú àṣírí ẹni tí ó finú hàn yín. Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ẹ jókòó ti ẹni tí wọ́n ń sá fún. Kí ẹ tó gbèjà rẹ̀ ní gbangba, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, kí ariwo yín má baà kó o sí ìjàngbọ̀n.

Àwọn àgbà kan yóò ní a fẹ́ ba àṣà jẹ́. A bọ̀wọ̀ fún wọn, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà ni wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara.

Ní ti àwa, bí ẹ̀rín náà bá tún sọ ní kíláàsì, a ó kẹ̀yìn sí pátákó, a ó sì sọ̀rọ̀.