Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ najú ní Mumbai

Ìyá kan tó máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa ló fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ń lọ ra aṣọ ní Mumbai, ìlú ńlá etí òkun nílẹ̀ Íńdíà, èyí tí wọ́n ń pè ní Bombay títí di ọdún 1995. Ọmọ náà ní kí màmá bá òun lọ fi ọ̀sẹ̀ kan najú. Màmá gbádùn ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò níwájú Gateway of India, ẹnu ọ̀nà ńlá olókùúta tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1924, ni òòyì ti gbé màmá lulẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n sùn mọ́jú.

Nígbà tí màmá dé, mo bi í pé kí ló jẹ tó dà á láàmú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, n kò jẹ nǹkan kan. Omi ni n kò mu. Nínú èrò yẹn, níbo ni kí n tọ̀ sí?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ ni màmá ń lò láràárọ̀. Ó lo oògùn, kò mu omi, ó tún wá dúró sínú oòrùn. Omi tán lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti máa ń ru wá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má bú màmá o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Àmọ́ ìyẹn kò ju wákàtí mélòó kan lọ. Ẹni tó bá ń wo Mumbai kiri, láti àárọ̀ dalẹ́ ni.

Ilé ìtọ̀ wà ní Mumbai. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sulabh wà káàkiri, owó kékeré ni wọ́n ń gbà. Ẹ fi owó wẹ́wẹ́ àti tíṣù sínú báàgì. Ẹ̀yin ọmọ tó ń mú òbí kiri, ẹ má dúró kí wọ́n tó béèrè, torí ojú máa ń ti àgbà. Ní wákàtí méjì méjì, ẹ wá ibi tí wọ́n á ti jókòó, tí wọ́n á tọ̀, tí wọ́n á sì mu omi.

Omi wo? Omi inú ike tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ ni. Ẹ má mu omi ẹ̀rọ, ẹ má sì fi fọ ẹnu. Yìnyín tí wọ́n ń jù sínú ohun mímu lójú títì, omi ẹ̀rọ kan náà lè ni. Bí ẹ bá dé etíkun Juhu tàbí Chowpatty nírọ̀lẹ́, ẹ máa rí pani puri: nǹkan roboto kékeré tí wọ́n dín, tí inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n á dá ihò sí i, wọ́n á rọ omi oníata àti àjàgbọn kún inú rẹ̀. Ó dùn, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Omi inú rẹ̀ yẹn ni mo ń sá fún, kì í ṣe ata, ata kò ṣàjèjì sí wa. Vada pav, ìyẹn pòtétò tí wọ́n dín tí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì, sàn jù bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òróró gbígbóná jáde.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè ORS ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ṣíbí má ga o, sínú omi lítà 1 tó mọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọdé tí kò tọ̀ mọ́, tàbí ẹnikẹ́ni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, ọsibítù ni. Nọ́ńbà tí ẹ máa pè fún ọkọ̀ aláìsàn ni 108, ti pàjáwìrì gbogbo sì ni 112.

Oṣù wo ló dára? Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Oṣù Karùn-ún gbóná gan-an, òjò sì ń bẹ láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2005, òjò tó rọ̀ ní apá kan ìlú náà láàárín wákàtí 24 tó mìlímítà 944, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kú. Ìtọ̀ eku máa ń wà nínú omi àgbàrá bẹ́ẹ̀, àrùn inú rẹ̀ sì ń gba ojú egbò ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọ̀ ọ́.

Erékùsù Elephanta, níbi tí àwọn ihò àpáta tí wọ́n gbẹ́ ère sí wà, tó bíi wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú omi. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 100, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin wà tó ń fi àga gbé àgbà gòkè, ẹ dá iye owó kí wọ́n tó gbé yín. Wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má fún ọ̀bọ ibẹ̀ ní oúnjẹ. Bó bá bu yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà. Ti rélùwéè ìgboro wọn, mi ò gba àgbà níyànjú láti wọ̀ ọ́ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ tí èrò ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wọ tasín. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò gbọdọ̀ wọ apá gúúsù ìlú náà.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú. Bí yẹ́lò káàdì kò bá sí lọ́wọ́ yín, wọ́n lè dá yín dúró síbìkan fún ọjọ́ 6. Oògùn yín, inú báàgì ọwọ́ ni, pẹ̀lú ìwé dókítà. Aago wọn fi wákàtí 4 ààbọ̀ ṣáájú tiwa, nítorí náà oògùn aago 8 àárọ̀ ilé, aago 12 ààbọ̀ ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bí ẹ ṣe máa yí i padà, pàápàá ẹ̀yin tó ń gún insulin.

Bí ibà bá mú yín lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ẹ sọ fún wọn ní ọsibítù pé Íńdíà lẹ ti ń bọ̀. Dengue wà níbẹ̀, ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri máa ń jẹ ènìyàn lọ́sàn-án gangan.

Màmá ti ń múra láti padà lọ lóṣù Kejìlá. Ó ní òun kò tíì rí ihò àpáta yẹn.