Ẹ Tọ́jú Omi Kí Axolotl Tó Dé

Láti ọdún 2021 tí axolotl ti wọ inú eré Minecraft ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ àwọn òbí wọn pé kí wọ́n ra ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Axolotl kì í ṣe ẹja. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, ṣùgbọ́n inú omi ló ń gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Adágún Xochimilco ní Mexico City ni ilé rẹ̀, omi tútù ló sì mọ̀.

Omi ẹ̀rọ wa ní Chicago ń wá láti adágún Michigan. Ìlú ń fi chlorine pa kòkòrò inú rẹ̀ kí àwa lè mu ún, ṣùgbọ́n chlorine yẹn lè pa axolotl. Ẹ ra oògùn tó ń pa agbára chlorine, kí ẹ máa fi sí gbogbo omi tí ẹ bá fẹ́ bù fún un.

Táńkì gíláàsì yín gbọ́dọ̀ gba gálọ́ọ̀nù 20, ó kéré tán. Ẹ má fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí axolotl lè gbé e mì, kí inú rẹ̀ sì dí. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, èyí tí kò ní jẹ́ kí omi máa ṣàn líle.

Ẹ má tíì ra ẹran náà o! Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń di ammonia nínú omi, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà tí ojú kò rí ló ń sọ ammonia di nitrite, lẹ́yìn náà nitrite á di nitrate, tí oró rẹ̀ kò tó ti àwọn yòókù. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 kí bakitéríà yìí tó pọ̀ tó. Kí àgbàlagbà máa kán ammonia díẹ̀ sínú omi fún wọn, kí ẹ sì máa yẹ omi náà wò. Bí ammonia àti nitrite bá ti ń di 0 láàárín wákàtí 24, ẹ pààrọ̀ omi tó pọ̀ nínú rẹ̀ kí nitrate lè dín kù. Ilé ti ṣe tán nìyẹn.

Ìwọ̀n 60 sí 64 Fahrenheit ló bá a lára mu. Lóṣù July, yàrá míì níbí lè gbóná ju 80 lọ. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè ràn yín lọ́wọ́. Bí kò bá tó, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù ló kù, owó rẹ̀ sì wọ́n.

Axolotl lè lo ọdún 10 sí 15 láyé. Ọmọ ọdún 10 tó ń bẹ̀bẹ̀ lónìí lè ti wà ní yunifásítì nígbà náà. Ta ni yóò máa pààrọ̀ omi? Bí ẹ bá lọ kí màmá àgbà ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò fún un ní ekòló jẹ? Adágún Michigan kì í ṣe ibi tí a ń da ẹran tó ti sú ni sí.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ wa lónìí ni ẹran ọ̀sìn. “Sìn” tó wà nínú rẹ̀ náà là ń lò fún ẹni tó ń sin ọba. Ẹni tó bá ń sin ẹran, òun gan-an ni ìránṣẹ́. Iṣẹ́ yín rèé: ẹ fi Yorùbá kọ ohun tí ẹ ó máa ṣe fún axolotl lójoojúmọ́ àti lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ kà á fún dádì àti mọ́mì, kí wọ́n tó fún yín lésì.