Ọkọ̀ Wo Ni Kí Òṣìṣẹ́ Rà?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ajẹmọ́nú, kì í sì í ṣe ti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kan àpò wa, ó sì kan ẹ̀mí wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tó kọjá, àwọn mẹ́ta ló wá béèrè ẹ̀yáwó láti fi ra ọkọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ra Toyota Corolla, ó ní nítorí pé kì í mu epo. Ẹnì kejì fẹ́ ra Sienna, ó ní ìdílé òun pọ̀, òun sì ń kó iṣu láti oko wálé. Ẹnì kẹta ní èyí tó wù kó jẹ́ ni òun máa rà, kí owó rẹ̀ ṣáà ti wálẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń pariwo epo, àwọn kan ń pariwo àyè. Títí a fi túká, kò sí ẹnì kankan tó béèrè bóyá ìjánu àwọn ọkọ̀ náà ń mú dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi gbé gègé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Epo ṣe é ṣírò, àyè ṣe é pín, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kì í ṣe ọjà tí à ń ná. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi ààbò ṣe ìpìlẹ̀, kó tó wá fi epo àti àyè wọn ara wọn lórí ìpìlẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí owó Udoji jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló fi ra ọkọ̀ tàbí alùpùpù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àwọn bàbá wa fẹ́ràn Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kò ní omi tí yóò gbẹ mọ́ ọn nínú nínú ooru Òkè-Ògùn. Wọ́n fẹ́ràn Peugeot 504 nítorí pé ó ga nílẹ̀, kòtò kì í tètè lu abẹ́ rẹ̀. Èyí tó gùn nínú wọn sì ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Nígbà náà, ẹni tó ń bi ọkọ̀ léèrè iye epo tó ń mu kò pọ̀. Ní 1978, lítà epo bẹntiróòlù kan di kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀. Ní 1982, ó di kọ́bọ̀ 20, àwọn èèyàn sì kígbe.

Ìgbà yẹn ti lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Lítà tí iye rẹ̀ kò tó ₦200 nílé epo ìjọba fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó kọjá ₦600 ní oṣù Keje ọdún náà, ó sì ti tó ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi kí 2024 tó parí. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024, fi í sí ₦70,000. Ìpínlẹ̀ wa fi díẹ̀ lé e. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn bí a ti ń ṣírò lọ.

Ìgbòho tí a wà yìí, Aláàfin mẹ́rin ló jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, ìran ẹlẹ́ṣin sì ni wọ́n. Ẹni tó bá ní ẹṣin mọ̀ pé owó tí a fi rà á kọ́ ni wàhálà, bí kò ṣe oúnjẹ tí yóò máa jẹ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí. Corolla tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ń mu nǹkan bí lítà 8 fún kìlómítà 100 bí ara rẹ̀ bá dá. Sienna àkókò kan náà, tó jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ń mu nǹkan bí lítà 12. Ká fi lítà kan sí ₦1,000 kí ìṣirò lè rọrùn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín níbi tí ẹ ti ń rà á, ẹ tún un ṣe.

Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́ ní kìlómítà 20 yóò rin 40 lójúmọ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, ó di kìlómítà 880. Epo Corolla fún oṣù kan yóò jẹ́ ₦70,400. Ti Sienna yóò jẹ́ ₦105,600. Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ tí gbogbo ayé ní kì í mu epo ti gbé odidi owó oṣù tó kéré jù lọ mì, a kò tíì pààrọ̀ ọ́ìlì, a kò tíì ra táyà, a kò tíì jẹun.

Ǹjẹ́ ìyẹn fi hàn pé Corolla ló dára ju Sienna lọ? Ó dára jù fún ẹni tó ń dá wà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pín in. Bí èèyàn mẹ́rin bá jọ ń wọ Corolla lọ sí ibi iṣẹ́, ₦17,600 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Bí èèyàn méje bá jọ ń wọ Sienna, tí wọ́n jókòó ní ìrọ̀rùn, nǹkan bí ₦15,100 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ń mu epo púpọ̀ ti wá rọjú ju èyí tí kì í mu ún lọ! Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe bí ọkọ̀ ti tóbi tó. Ìbéèrè náà ni pé: èèyàn mélòó ni yóò máa jókòó sínú rẹ̀ lójoojúmọ́? Ẹni tó ń dá rìn, tó ra ọkọ̀ ńlá nítorí ìgbà méjì tí yóò lọ sí òde ìgbéyàwó lọ́dún, ìjókòó òfìfo ló ń bọ́ lóúnjẹ.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ pé pípọ̀ ń dín owó kù, ọkàn wa a sọ pé: kí ló dé tí a kò fi ní kó èèyàn mẹ́jọ sínú Corolla? ₦8,800 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́ ni. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè dín owó epo kù tó yá ju ìyẹn lọ, kò sì sí èyí tó burú jù ú lọ.

A kò sọ èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, à ń bọ̀ láti ìpàdé kan ní Ìbàdàn. Àwa mẹ́jọ la wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe fún èèyàn márùn-ún, àpò gàrí sì wà nínú búùtù. Àwa náà la ní kí awakọ̀ há wa pọ̀ kí owó ọkọ̀ lè dín. A ti kọjá Ṣakí tán, ọkàn wa ti délé, ni táyà ẹ̀yìn bá bẹ́. Ọkọ̀ náà gbé wa wọ igbó. Kò sí ẹni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa, tó jókòó lé ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ níwájú, tí kò sì sí bẹ́líìtì fún un, fi orí àti èjìká gbá gíláàsì. Oṣù mẹ́rin ló lò nílé ìwòsàn. Títí di òní, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ ìwé ìjọba kò ṣe é gbé sókè mọ́. Nígbà tí a wo táyà náà, ara rẹ̀ ṣì ń dán, ojú rẹ̀ kò sì tíì jẹ. Àṣé ọdún mọ́kànlá ti kọjá tí wọ́n ti ṣe é. Owó tí a dá fún ìtọ́jú ẹlẹgbẹ́ wa yìí ju owó táyà tuntun mẹ́rin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Táyà ní síbíà nínú búùtù, ẹ̀mí kò ní.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò jẹ́ ti olówó, pé tòkunbọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni agbára wa ká. A gbà pé òótọ́ ni agbára wa kò ká ọkọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ohun tí a óò yẹ̀ wò kò ṣe gba owó. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 2318 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú 2018 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Rọ́bà ń gbó bí ènìyàn ti ń gbó, kódà bí wọn kò bá lò ó. Táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan jáde lójijì. Bí kò bá há, kò wúlò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bẹ́líìtì lè dín ikú awakọ̀ àti ẹni tó jókòó níwájú kù dé nǹkan bí ìdajì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì wo iná kékeré tó wà fún àpò atẹ́gùn tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ábáàgì. Ó yẹ kó tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, nǹkan ti bàjẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀. Ọkọ̀ tí nǹkan yìí ti bẹ́ nínú rẹ̀ rí ti ní ìjàǹbá rí.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó dùn mọ́ wa. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, epo àti ààbò kì í bá ara wọn jà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń mu epo sí i, ó sì ń gbóná títí yóò fi bẹ́. Iṣu tí a dì sórí ọkọ̀ ń mú kí epo tètè tán, ó sì ń mú kí ọkọ̀ fẹ́ ṣubú níbi tí ọ̀nà ti yí. Eré àsápajúdé ń sun epo; ọkọ̀ tó ń sá ní 100 sì ní agbára ìkọlù ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tó ń sá ní 50, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ní ọ̀nà tí kòtò àti màlúù ti ń pàdé ẹni lójijì, ẹni tó rọra ń lọ ni ọlọ́gbọ́n nínú àpò àti nínú ẹ̀mí.

Ní ti gáàsì tí ìjọba ń polongo láti fi rọ́pò epo, ó lè dín ìnáwó kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ óò ti máa rà á nítòsí ilé, kí ẹ sì rántí pé inú búùtù ni wọ́n sábà máa ń gbé àgbá rẹ̀ sí. Àyè tí ẹ ń wá ti lọ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò ní ìwé àṣẹ fi àgbá jíjó mọ́ ọkọ̀ yín.

Kí wá ni ká ṣe? A dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù má ṣe san ẹ̀yáwó ọkọ̀ kankan títí mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ yàn, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, yóò fi wo ìjánu, táyà àti bẹ́líìtì rẹ̀. Kí a sì fi owó táyà mẹ́rin kún ẹ̀yáwó náà. Èkejì, kí a kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gba ọ̀nà kan náà lọ sí ibi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa jọ wọkọ̀, kí wọ́n máa pín owó epo. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ṣùgbọ́n iye bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀ ni iye èèyàn tí yóò wọ̀ ọ́, ọmọdé àti àgbà. Ẹ̀kẹta, kí aṣojú ẹgbẹ́ tún gbé e síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ pé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kì í ṣe ojúrere, ó jẹ́ ohun èlò iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kan tó kún déédéé ń mú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ló dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ọdún mọ́kànlá kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988 pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò yẹ kó jẹ́ àwa, ọmọ ilé tí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ni wọn yóò máa lé kiri nítorí bẹ́líìtì.

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ béèrè ẹ̀yáwó, a kò bá yín jà. Ẹni tó fẹ́ Corolla, ẹni tó fẹ́ Sienna, ẹni tó ń wá èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀, ìdí wà fún ti kálukú yín. Ohun kan ṣoṣo tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ tó san owó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Ẹlẹgbẹ́ wa tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé sókè mọ́ ló rán wa sí yín.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa. Ire o.