Ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti kágò kó tó wọlé

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé onílé máa ń kágò ni. Bí onílé kò bá tíì dáhùn pé "àgò yà", ìta ni àlejò máa wà. Àṣà kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí ẹni kọ́ wọn ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn ló ń gbé wọn dé ìlú bíi Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹlòmíràn ń wá ewé àti egbò lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ẹlòmíràn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé láti fi yẹ àrùn wò. Ẹlòmíràn fẹ́ bu omi odò Ọ̀tìn sínú ìgò. Bí ọwọ́ wọn bá ti tẹ ohun tí wọ́n wá, ó di gbére.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìkíni lásán ni èyí, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, iléeṣẹ́ apòògùn Pfizer láti Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan, ọmọ 200 ni ìdánwò náà sì kàn. Ọmọ 11 kú nínú wọn. Iléeṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn, àti pé àwọn òbí fọwọ́ sí i. Àwọn òbí kan ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí òun àti Ìpínlẹ̀ Kánò lè parí ẹjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ ju owó lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dé Kánò lọ́dún 2003, ìpínlẹ̀ náà dá a dúró, ọ̀rọ̀ ọdún 1996 sì wà lára ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Àrùn náà gba ibẹ̀ ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti inú ìgbẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, yóò sá. Bí olùwádìí kan bá tan ará ìlú jẹ lónìí, nọ́ọ̀sì tó bá wá lọ́la ni wọn yóò tilẹ̀kùn mọ́.

Òkukù mọ irú àlejò tó kágò. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979 ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ifẹ̀, lọ gbé ní Òkukù. Kì í ṣe ìrìn àjò ọjọ́ méjì. Ọdún bíi mẹ́ta ló lò láàárín wọn, ó kọ́ èdè Yorùbá títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì jókòó ti àwọn ìyá tó ń ki oríkì. Ìwé ńlá tó ti ibẹ̀ jáde lọ́dún 1991 kò fi àwọn obìnrin Òkukù ṣe aláìlórúkọ. Ìlú náà fi oyè Ìyámọyè dá a lọ́lá. Oríkì kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tàbí ewé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀lú kò yàtọ̀.

Ní ti ìṣègùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ní àpẹẹrẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́ lórí ìdàgbàsókè àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni káàdì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ń tóbi bó ṣe yẹ ti jáde, ọwọ́ ìyá ọmọ ni káàdì náà sì máa ń wà. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Ìgbó-Ọrà, nílẹ̀ Ìbàràpá, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ló ni àrùn tí wọ́n ń kà nínú ìwé.

Òfin kúkú wà. Lọ́dún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ìwádìí ìlera, òfin ìlera ọdún 2014 sì sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣèwádìí láìjẹ́ pé ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, tó sì gbà. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá arúgbó fẹ́ mọ̀ nínú fọ́ọ̀mù èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kó tẹ̀ka sí? Ìka ló tẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ Yorùbá lọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òyìnbó mọ̀ pé àlejò lòun, nítorí náà ó béèrè. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, rò pé òun ti mọ̀, kò sì béèrè. Ó lè bu omi Ọ̀tìn lójú àwọn tó ń bọ ọ́ láìtọrọ àyè. Ìgò kan péré ló bù, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìjà sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó yẹ kí yunifásítì sọ ẹ̀kọ́ yìí di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ ṣèwádìí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ní ọgbà ní Òkukù. Kí ló dé tí oníṣègùn kan, ìyálọ́jà kan àti nọ́ọ̀sì ìlú kò lè jókòó níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́ wọn? Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ààfin ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ọba kọ́ ni ìyọ̀ǹda ẹni tó ni apá tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ìyọ̀ǹda ọkọ kọ́ ni ti ìyàwó. Kí ó mọ̀ pé ẹni tó ní rárá kò ṣẹ̀. Kí ó sì padà wá jábọ̀, ní èdè Yorùbá, kí ọmọ tí wọ́n bá àrùn lára rẹ̀ lè rí ìtọ́jú.

Ti ewé pàápàá ní ọ̀rọ̀ nínú. Àwọn ará San ní gúúsù Áfíríkà máa ń jẹ ewéko hoodia kí ebi má bàa pa wọ́n nínú ìgbẹ́. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba South Africa gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láìsọ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n pariwo ni wọ́n tó ṣe àdéhùn lọ́dún 2003 pé wọn yóò máa pín níbẹ̀. Lọ́dún 2017, àwọn ará San kọ ìlànà tiwọn fún gbogbo olùwádìí. Àwọn oníṣègùn Ìkìrun àti Ìnísà kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí wọ́n bá rẹ́ wọn jẹ kí wọ́n tó ṣe tiwọn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé gbogbo èyí yóò fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ falẹ̀. Yóò fi í falẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbà oníṣègùn tí wọ́n bú lọ́kàn yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni, yóò sì kó ìmọ̀ rẹ̀ wọ sàréè. Ìyẹn ni yóò fi iṣẹ́ falẹ̀ títí láé.

Ará ìlú náà ní ipa tiwọn. Bí àlejò bá dé pẹ̀lú ìgò àti bírò, kí wọ́n bi í pé: ta ló rán ọ, kí lo fẹ́ fi ṣe, ìgbà wo lo máa padà wá sọ ohun tó o rí fún wa? Ẹni tó bá ní ìdáhùn gidi kò ní bínú. Ìyẹn ni wọ́n máa sọ fún pé "àgò yà".