Ẹ má jẹ́ kí ohùn àwọn awo kú sínú síìdì

 

Ọ̀rọ̀ páálí kan ni mo gbé wá lónìí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ni páálí náà wà, nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Sandgrouse tí àwa ọmọ Èkó ń pè ní Sangross. Babaláwo ni bàbá mi, ó sì ti tó ọdún méje tí wọ́n ti papòdà. Nígbà tá a fẹ́ tún yàrá wọn ṣe, màmá mi ní ká kó páálí náà dànù, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá síìdì nílé ti bàjẹ́ tipẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo ní kí wọ́n jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Síìdì 41 ló wà nínú ẹ̀. Lára ọ̀kan, bàbá mi ti fi bírò kọ ọ́ sí i pé: “Ọdún Ifá 2006, kíkí Odù.”

A yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ aládùúgbò, a kì í bọ̀ ọ́, kò ṣí. Nínú 41 yẹn, 27 ṣí dáadáa, 9 ń já lójú ọ̀nà, 5 kò ṣí rárá. Èyí tí ohùn bàbá mi wà nínú ẹ̀ wà lára márùn-ún yẹn. Ọjọ́ tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò lè jẹun.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú páálí bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń gbé Èkó láàárín ọdún 2000 sí 2012 á rántí pé kò sí ìnáwó tí oníkámẹ́rà kì í sí. Ìtẹfá, ọdún Ifá, ìsìnkú àgbà awo, gbogbo ẹ̀ là ń gbà sílẹ̀, tá a ó sì pín síìdì ẹ̀ fún ẹbí. Ìdúmọ̀tà tó wà létí wa níbí ni wọ́n ti ń kó fíìmù Yorùbá lọ káàkiri, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà kó tó di síìdì. Ẹ̀yọ̀ ọdún 2009, èyí tí wọ́n fi ṣẹ̀yẹ fún olóògbé Olóyè T.O.S. Benson, mo mọ ilé tó ju mẹ́wàá lọ tó ní i lórí síìdì. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà yẹn, a rò pé síìdì ò lè bàjẹ́ bíi kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tàn ni. Síìdì fíìmù tí wọ́n tẹ̀ nílé iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí oníkámẹ́rà fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ. Nínú èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ, aró tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀ tí iná léésà fi ń kọ nǹkan sí i. Oòrùn, ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ aró náà díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rọ ò fi ní í rí nǹkan kà mọ́. Ẹ sì mọ bí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe rí: ọ̀sà ń bẹ nítòsí, àgbàrá òjò ń wọlé, ooru kún yàrá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ tó ń gbá síìdì gan-an ti ń tán lọ́jà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń jáde báyìí kì í sábà ní ojú síìdì, fíláàṣì ni tẹlifíṣàn tuntun sì ń gbà.

Mo kọ́kọ́ kó mẹ́wàá lára ẹ̀ lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí létí ọjà. Owó tó gbà mọ níwọ̀n, ohun tó ṣe ló dùn mí. Kí fáìlì lè kéré, ó gé àwọn ibi tó pè ní “ọ̀rọ̀ gígùn” kúrò. Ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, ẹsẹ Ifá ni! Ijó àti ibi tí wọ́n ti ń ná owó ló fi sílẹ̀. Ó wá sọ gbogbo ẹ̀ ní “Fídíò 1”, “Fídíò 2”, títí dé mẹ́wàá. Mi ò bá a jà, torí èmi náà jẹ̀bi. Mi ò sọ fún un pé ohun tí kò yé e yẹn gan-an la torí ẹ̀ wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá bá mi jókòó tì í nílé. A ra ẹ̀rọ síìdì kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, a sì tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ bá a ṣe ṣe é, torí kò le. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu síìdì láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, láì gé ohunkóhun. Tó bá jẹ́ VCD, inú fódà tí wọ́n ń pè ní MPEGAV ni àwòrán wà, orúkọ fáìlì ẹ̀ á parí sí DAT. Tó bá jẹ́ DVD, inú VIDEO_TS ni ẹ máa bá fáìlì VOB, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan kì í ju 1GB lọ. Ẹ̀dà ìpìlẹ̀ nìyẹn, ẹ má pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà lẹ ó wá sọ ọ́ di MP4, èyí tí tábùlẹ́ẹ̀tì, fóònù àti tẹlifíṣàn jọ gbọ́ èdè ẹ̀. HandBrake ń ṣe é fún DVD, VLC ń ṣí DAT, ó sì lè yí i padà, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun á jẹ́ kí àwòrán VCD mọ́lẹ̀ bíi ti òní. Àwòrán ẹ̀ kò ju 352 sí 288 lọ, ohun tí kò sí níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ fíláàṣì tí wọ́n ṣètò ẹ̀ sí FAT32 lẹ fẹ́ lò fún tẹlifíṣàn, fáìlì kan ò gbọdọ̀ tó 4GB, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í gbà á.

Síìdì bàbá mi ńkọ́? Ẹ̀rọ kan lè kọ ohun tí ẹ̀rọ míì máa kà. Ẹ̀rọ kẹta tá a gbìyànjú ẹ̀ ló fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ohùn wọn jáde. Wọ́n ki Èjì Ogbè, wọ́n ki Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì, Òdí Méjì, wọ́n dé Ìrosùn Méjì, ó já. Ojú Odù mọ́kànlá tó kù ti lọ. Ká ní mo ti ṣe é lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ni, bóyá à bá gbọ́ ọ dé Òfún Méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a fi fíláàṣì sí tẹlifíṣàn. Màmá mi ò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí. Wọ́n kàn ní, “Ẹ tún un gbá.” Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ní ti ẹ̀ lórí tábùlẹ́ẹ̀tì, ọmọ ẹ̀ tí kò mọ bàbá àgbà rẹ̀ sójú sì ti ń kì í tẹ̀lé wọn. Ó ń dá a dúró, ó ń dá a padà, ó ń tún un sọ.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yìí láàárín ẹgbẹ́, bàbá àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní inú ni Ifá ń gbé, kì í gbé inú ẹ̀rọ. Wọ́n ní bí ọmọ awo bá ti mọ̀ pé Odù wà nínú fóònù òun, kò ní í há a sórí mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, torí òótọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ò lè sọ fún ọmọ awo pé, “O ti ṣì í kì, padà sẹ́yìn.” Ẹ̀rọ kì í tẹ ènìyàn nífá. Ẹni tó bá fi tábùlẹ́ẹ̀tì sọ ara ẹ̀ di babaláwo, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Àmọ́ ìbéèrè kan ni mo bi bàbá náà: ta ló máa kọ́ ọmọ ní ẹsẹ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ, tí kò sì sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n? Ní 1951, William Bascom, ará Amẹ́ríkà, gba ohùn Sàlàkọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹni tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ọdún 1980 ni ìwé tó ti ibẹ̀ jáde, Sixteen Cowries, dé ọwọ́ àwọn èèyàn, lónìí àwọn olórìṣà níbi gbogbo ló ń kà á. Àlejò ló ṣe ìyẹn fún wa. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá pé ó jẹ́ àjogúnbá pàtàkì fún gbogbo ayé, wọ́n sì fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. A jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde UNESCO ò lè bá wa kó síìdì kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo dé báyìí. Nínú páálí yẹn kan náà, a rí síìdì ìtẹfá ọmọ kan. Ẹnìkan ti gbé kámẹ́rà wọ igbódù. Odù tó jáde fún ọmọ náà, èèwọ̀ rẹ̀, ohun tí Ifá ní kó ṣọ́ra fún, gbogbo ẹ̀ hàn gedegbe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé e sórí YouTube, pé àwọn kan ti ń gbé irú ẹ̀ síbẹ̀. Mo ní pé ilẹ̀kùn ẹlòmíì ṣí sílẹ̀ ò ní ká yọ ilẹ̀kùn tiwa dànù. Ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn ti di géńdé báyìí, ó sì ní àwọn tó ń bá a du iṣẹ́. Ta ló fún wa láṣẹ láti fi èèwọ̀ ẹ̀ han aráyé?

A pa kọ̀ǹpútà, a ò sì ṣe ẹ̀dà kankan. Mo gbé síìdì náà lọ fún olúwo, wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ apá ibi tí ìyá òun ti ń jó níta, torí ìyá náà ti kú. Ìyẹn la dà kọ fún un. Síìdì náà fúnra ẹ̀ wà lọ́wọ́ olúwo.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan pín síìdì wọn sọ́nà mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́ ni ti ìta gbangba: ijó, orin, Ẹ̀yọ̀ lójú pópó, àlàyé tí àwọn àgbà ṣe fún gbogbo ayé. Èkejì ni ti ilé: ìwúre, kíkí Odù, ohùn àwọn tó ti lọ, tó jẹ́ ti ẹbí àti ọmọ awo. Ẹ̀kẹta ni ti awo. Èyí ò gbọdọ̀ dé ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù, kò gbọdọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ni awo náà ni kó pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ìbẹ̀rù àṣírí ò gbọdọ̀ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ṣègbé, ìbẹ̀rù ìpàdánù ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ká tú awo síta.

Ẹ̀yin tó fẹ́ sọ ọ́ di òwò náà, ẹ gbọ́. Fíìmù tẹ́ ẹ rà ní Ìdúmọ̀tà, olóhun ṣì ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ọdún 2022 ti orílẹ̀-èdè wa dáàbò bò ó, ó sì dáàbò bo àṣà ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má máa da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ láti tà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì àti àgbà kan, kí ọ̀dọ́ mú ẹ̀rọ wá, kí àgbà jókòó tì wọ́n. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń kì, ibi tó ti kì í, ọdún, àti Odù náà sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, torí lọ́dún ogún sí i, kò ní í sẹ́ni tó máa dá ojú mọ̀. Kí ẹ̀dà wà níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lẹ́yìn odi Èkó. Ẹ má dúró di ọdún tó ń bọ̀, aró inú síìdì ò mọ ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ti rí Odù márùn-ún gbà nínú mẹ́rìndínlógún. Kí Ifá má jẹ́ kí tiyín dín.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.