Èdè Yorùbá àti Ìwákiri Wúrà ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Iṣẹ́ tí Ó Já Lé Ẹ̀ka Wa Léjìká

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ju kòkó, obì àti iṣu tí ojú ń rí lórí rẹ̀ lọ. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti mọ̀ pé wúrà ń bẹ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń wà á. Ní 1953, A. M. J. de Swardt gbé ìwé kan jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé irú àpáta tí ó yí Iléṣà ká. Láti ìgbà náà, ìwé ń gun ìwé lórí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ wọ́n. Bí àgbẹ̀ tí wọ́n ti inú oko rẹ̀ ṣa òkúta tí wọ́n yẹ̀ wò bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ní èdè tí ó fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ibo ni yóò kọrí sí? Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àìsí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe gúnmọ́ fún iṣẹ́ wíwá wúrà ń pa àwọn onílẹ̀ lára gan-an, àti pé àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo òkúta náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wá kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti rí i. Ojú sísán kan wà nínú àpáta ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ifẹ̀wàrà pè. Ó gùn débi pé wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé agbègbè Zungeru ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, àpáta dúdú tí ó wúwo ni ó pọ̀ jù. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, òkúta funfun líle ni ó gba iwájú. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí agbára inú ilẹ̀ ń fún apá ibí yìí pọ̀ tí ó sì ń ká a kò bí ẹni ká ẹní, omi gbígbóná láti ìsàlẹ̀ gba àárín ibi tí àpáta ti sán gòkè wá. Omi náà gbé ohun púpọ̀ tí ó ti yòrò sínú rẹ̀ dání. Bí ó ti ń tutù ni ó ń fi òkúta funfun sílẹ̀ ní ojú sísán náà, wúrà díẹ̀díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Èyí ni à ń pè ní iṣan nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú ẹran kọjá ni òun náà ń gba inú àpáta kọjá. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ ni ó sọ agbègbè Iperindo di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin àwọn onímọ̀ ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, òjò àti oòrùn àìmọye ọdún rún àpáta òkè díẹ̀díẹ̀. Òkúta mìíràn ń yòrò, ó ń di amọ̀, ó ń di yangí. Ṣùgbọ́n wúrà kì í dípẹtà, ó sì wúwo. Àgbàrá gbé e dé odò, ó rì sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ó dúró síbẹ̀. Ohun tí ìyá wa ń ṣe nígbà tí ó bá ń fi igbá àti omi yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì ni àwọn tí ó ń fọ wúrà ní agbègbè Itagunmodi náà ń ṣe: ohun tí ó wúwo a sọ̀ kalẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ a bá omi lọ. Wúrà méjì ni a ní nígbà náà, wúrà iṣan àti wúrà odò. Ẹni tí ó ní abọ́ àti ṣọ́bìrì lè wá ti odò. Ti iṣan kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ibi tí à ń pè ní Segilola, nítòsí Iperindo. Wúrà tí ó wà níbẹ̀ kò ju gíráàmù bíi 4 nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan lọ. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìwọ̀n ogún àpò sìmẹ́ńtì. Kí ènìyàn lọ òkúta tí ó wúwo tó ogún àpò sìmẹ́ńtì di ìyẹ̀fun, kí ó sì rí wúrà tí ó tó òrùka kékeré kan nínú rẹ̀, ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní òkúta tí ó dára nìyẹn! Ojú lásán kì í sábà rí wúrà náà nínú òkúta. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò ni ó ń sọ bí ó ti pọ̀ tó, kì í ṣe ojú babaláwo tàbí ti gẹ́ẹ́lì. Àwọn mìíràn ti lu ihò ní Segilola kí ilé-iṣẹ́ Thor Explorations tó gba ibẹ̀ ní 2016. 2019 ni wọ́n parí ìṣirò pé yóò mú èrè wá. Oṣù Keje 2021 ni wúrà àkọ́kọ́ jáde. Èyí sì ni ibi tí nǹkan ti bọ́ sí i o. Ibi tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì fi sílẹ̀ pọ̀ ju ibi tí wọ́n wà lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n kí ni à ń sọ ní Yorùbá bí àjèjì kan bá gbé òòlù kékeré wọ inú igbó, tí ó bu erùpẹ̀ sínú àpò, tí ó kọ nọ́ńbà sí i lára? À ń sọ pé, ‘Wọ́n ti rí wúrà.’ Bí ẹ̀rọ ìlulẹ̀ bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ‘wọ́n ti rí wúrà’ náà ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àpáta ní tòótọ́, a kò ní gbólóhùn mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a tún ní ni ìwakùsà. Èdè Haúsá ni ó jọ pé a ti yá kùsà, níbi tí kúzà ti jẹ́ tánńganran inú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun àlùmọ́nì kan ni a fi ń pe wíwá, lílu, gbígbẹ́ àti fífọ̀ gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Lójú tiwa, ẹrù náà ti pọ̀ jù fún un.

Ìyàtọ̀ tí èdè wa kò ṣe yìí, òfin ti ṣe é. Òfin ohun àlùmọ́nì àti ìwakùsà ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ Nàìjíríà, lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó wà. Ó wá ya ìwé àṣẹ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó gba ìwé ìyẹ̀wò ọlọ́dún kan lè rìn ká, kí ó sì bu òkúta díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lu ihò, kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó gba ìwé ìwákiri ní ọdún mẹ́ta, ó sì lè tún un gbà lẹ́ẹ̀mejì, ọdún méjì méjì. Ilẹ̀ tí ìwé náà lè gbà tó èyí tí ó gùn ní kìlómítà 20 tí ó sì fẹ̀ ní kìlómítà 10. Òun lè lu ihò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ san owó ohun tí ó bá bàjẹ́ fún ẹni tí ó ń lo ilẹ̀ náà. Ìwé ìwakùsà ńlá ni ti ọdún 25. Ìgbà tí ó bá di orí ìwé ìwakùsà ni abala 116 òfin náà tó pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ àti ará ìlú jókòó ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀nà, omi àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Abala náà kò sọ ohunkóhun nípa èdè tí a ó fi kọ àdéhùn náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìlú tí kò mọ̀ pé ìwé ìwákiri ni ó wà lọ́wọ́ àlejò lè máa bèèrè ilé-ìwòsàn lọ́wọ́ ẹni tí òfin kò tíì ní kí ó kọ́ ọ. Bí ìjà bá sì bẹ́, a ó ní ará ìlú le. Ìlú mìíràn ẹ̀wẹ̀ lè jẹ́ kí ẹni tí ó gba ìwé ìyẹ̀wò lásán gbé ẹ̀rọ ìlulẹ̀ wọ oko kòkó. Igi kòkó kì í so lọ́dún kan. Ẹni tí wọ́n bá gé tirẹ̀ mọ iye ọdún tí ó gbé e dàgbà. Mọ̀lẹ́bí ń ja ìjà lórí wúrà tí kò sí, ọmọ ń ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí àhesọ.

Àhesọ yìí náà ló máa ń pe àwọn tí kò ní ìwé kankan. Wọ́n a ya bo etí odò, wọn a gbẹ́ ẹ, wọn a sì kúrò. Ní 2021 àti 2022, gbogbo ayé ni ó rí i bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀ dé inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, igbó tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu omi náà. Ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Òjé pọ̀ nínú òkúta wúrà tibẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé. Eruku rẹ̀ pa ọmọdé tí ó lé ní 400. A kò sọ pé bákan náà ni òkúta Ìjẹ̀ṣà rí, nítorí pé òkúta yàtọ̀ sí òkúta. Ohun tí à ń sọ ni pé ó yẹ kí ẹni tí ń lọ òkúta mọ ohun tí ó bá wúrà gbé inú rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ni èyí, pé ilé-iṣẹ́ yóò mú ògbufọ̀ wá. Ta ni yóò san owó ògbufọ̀ náà? Ilé-iṣẹ́ ni. Kì í ṣe pé ògbufọ̀ náà yóò purọ́ dandan, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, ohun tí ó bá wù ú ni yóò pè é, kò sì sí ẹni tí yóò lè já a ní koro. Ní ti pé Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ti Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní 1990. Àwọn aṣòfin rí tiwọn gbà ní 1991. Fónẹ́tíìkì ní ọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ kò tíì rí tirẹ̀ gbà.

A kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Baba wa mọ yangí yàtọ̀ sí amọ̀, wọ́n mọ òjé yàtọ̀ sí bàbà àti idẹ. Àbá tiwa ni pé kí á pe ibi tí ẹ̀rí ìbẹ̀rẹ̀ ti fi hàn pé nǹkan lè wà níbẹ̀ ní ojú ìfura. Kí iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ìwákiri. Kí ìṣirò tí ihò lílu bá gbé jáde jẹ́ àfojúbù. Kí á sì pe apá tí yóò mú èrè wá nínú rẹ̀ ní àwàjèrè. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn ju ìwọ̀nyí lọ, kí ó mú un wá.

Ọ̀nà tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìlò òwe nínú ìwé ìtàn àròsọ kan náà tí àwọn ará iwájú wọn ti kọ nípa rẹ̀. Kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn lọ sí Itagunmodi àti Iperindo pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kí wọ́n bi àwọn tí ń fọ wúrà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ń bá ẹ̀rọ ìlulẹ̀ ṣiṣẹ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn ń bà, ìbáà ṣe ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, ìbáà ṣe Haúsá tí a ti sọ di tiwa. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀ka wa pe àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti yunifásítì, kí á jọ jókòó yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Orúkọ àwọn ìwé àṣẹ mẹ́ta tí a mẹ́nu bà lókè ni ó yẹ kí ó wà ní ojú ewé kìíní, kí á sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngán ìjọba ìbílẹ̀ ní Iperindo kí á tó tẹ ìyókù.